Àwọn Mọ́kànlá Tí Kò Ní Fóònù

“Má yọ ẹnikẹ́ni kúrò o,” ni àǹtí mi, nọ́ọ̀sì àgbà ilé ìwòsàn wa, wí bí wọ́n ṣe ń wọ bàtà. “Ẹni tí kò bá ní fóònù, a máa ń gbé oògùn lọ bá a nílé.”

“Ẹ má ṣèyọnu, Àǹtí.”

Ọlidé ni. Èmi ni mo ń bá wọn to àkọsílẹ̀ àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru sórí kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ náà kò gba ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ kankan: ẹ ó kàn yan ohun tí ẹ fẹ́ rí, kọ̀ǹpútà á sì fi ìyẹn nìkan hàn yín. Ìyókù ṣì wà níbẹ̀, ojú ni kò ní rí i. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, “Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà” ni wọ́n ń pè mí, orí mi sì ń wú bíi búrẹ́dì.

Àlàfo mọ́kànlá ló wà níbi nọ́ńbà fóònù. Wọ́n ba ojú ìwé mi jẹ́. Ọ̀gá pátápátá àwọn ilé ìwòsàn agbègbè wa ń bọ̀ wá yẹ iṣẹ́ wò lọ́jọ́ kejì, mo sì fẹ́ kí wọ́n yìn mí. Mo bá tẹ àpótí kékeré kan lójú kọ̀ǹpútà: “Ẹni tó ní nọ́ńbà nìkan.” Ojú ìwé mọ́ tónítóní. Mo ní màá dá a padà tí wọ́n bá lọ tán.

Wọ́n yìn mí lóòótọ́. Ìyìn ọ̀hún dùn débi pé n kò dá nǹkan kan padà, ìwé yẹn sì ni àwọn nọ́ọ̀sì ń wò láràárọ̀ láti mọ ẹni tí oògùn kàn.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ọmọ Ìyá Aránṣọ wọlé pẹ̀lú ojú pípọ́n. Ìyá rẹ̀ ló rán yunifọ́ọ̀mù mi, àwọn náà ló sì ń tú etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọọdún bí mo ṣe ń ga sí i. “Ìwọ ọmọ yìí,” ni wọ́n máa ń wí, “ṣé wọ́n ń bomi rin ẹ́ ni?”

“Oògùn Màmá tán,” ni ọmọ wọn sọ. “Mo ní kí n wá gbà á. Wọ́n ní kí n má yọ yín lẹ́nu, pé ẹ kì í gbàgbé àwọn. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n jókòó sí tí wọ́n ń retí yín, kí wọ́n tó ṣubú. Wọn ò dìde mọ́.”

Àǹtí wo kọ̀ǹpútà, wọ́n wá wò mí. “Ṣé o yọ wọ́n ni?”

“Mi ò yọ wọ́n, Àǹtí. Mo kàn fi wọ́n pamọ́ ni.”

“Kí ni ìyàtọ̀ rẹ̀ fún wọn?”

Mo tún àpótí yẹn tẹ̀, orúkọ mọ́kànlá sì padà wá, tiwọn náà wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn gan-an, èmi àti Àǹtí fẹsẹ̀ rìn dé ilé àwọn mẹ́wàá tó kù. Mo sunkún dé ilé kẹwàá.

Àbámọ̀ ló ń gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹni tí a kò rí nínú ìwé kì í ṣe ẹni tí kò sí láyé. Ẹ má torí ìyìn fi ẹnikẹ́ni pamọ́. Yunifọ́ọ̀mù mi ti kúrú báyìí. N kò tíì lè gbé e fún ẹlòmíràn kó tú etí rẹ̀ sílẹ̀.