Ìjókòó Kìn-ín-ní

"Tún un fọn." Ọ̀gbẹ́ni Culpepper, olùkọ́ orin wa, ló sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tó yíjú padà tó rí i pé èmi ni.

Ọdún 1970 ni, ní South Carolina. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìwé àwa aláwọ̀ dúdú pa, wọ́n dà wá pọ̀ mọ́ àwọn òyìnbó. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí. Bí Culpepper bá fẹ́ pín ìjókòó fáwọn tó ń fọn fèrè, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n fọn jù lè gba ìkìn-ín-ní, ẹ̀yìn ló máa ń kọ sí wa, ká máa fọn ọ́n níkọ̀ọ̀kan, kó má baà ṣojúsàájú. Ẹni tó bá gba ìjókòó kìn-ín-ní ni wọ́n ń mú lọ síwájú àwọn yunifásítì tó ń fúnni lẹ́kọ̀ọ́ ọ̀fẹ́. Bàbá mi ti kú, aṣọ ni Màmá ń fọ̀ fáwọn olówó. Ọ̀nà mìíràn ò sí fún mi.

Mo fọn tèmi. Láìwẹ̀yìn ló ti ní èmi ni mo ni ìjókòó kìn-ín-ní. Nígbà tó rí mi, ó ní òun ò gbọ́ ọ dáadáa mọ́. Àwọn ọmọ òyìnbó ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní kí n padà sóko òwú.

Bí mo bá tún un fọn, ó lè fún mi ní ìjókòó kejì, kọ́rọ̀ tán síbẹ̀. Àmọ́ inú ń bí mi.

"Etí lẹ fi gbọ́ ọ, sà," ni mo wí. "Kí lojú ń wá níbẹ̀?"

Ó lé mi sẹ́yìn pátápátá, ó gbé Rhonda Pruitt, ọmọ òyìnbó kan, sórí ìjókòó kìn-ín-ní. Ẹ̀yìn náà ni mo wà títí mo fi jáde. Yunifásítì kankan ò gbọ́ fèrè mi. Màmá bínú, ó ní ìgbéraga kì í bọ́ èèyàn. Mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún kí n tó fowó ara mi kàwé.

Lọ́dún tó pé àádọ́ta ọdún tá a jáde, Rhonda dì mọ́ mi níbi ìpàdé wa.

"Vernell, ọ̀rẹ́ mi," ló wí. "Wọ́n ní ìjà dúdú àti funfun pọ̀ nílé ìwé wa nígbà yẹn. Àwa ò kúkú jà, àbí?"

Ẹni tó ṣu ní í gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Mo yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò léjìká mi.

"Ìwọ ò jà, Rhonda. Kí lo fẹ́ torí ẹ̀ jà, nígbà tó jẹ́ orí ìjókòó mi lo wà?"

Ẹ̀yin ọmọ, bí wọ́n bá gba ẹ̀tọ́ yín, ẹ sọ ọ́ lójú wọn. Ó lè ná yín ní nǹkan ńlá. Ó ná èmi náà. Ṣùgbọ́n ẹ má gbà láéláé kí ẹni tó jẹ oúnjẹ yín máa sọ fún yín pé ẹ ti yó.