Ẹni Tó Gun Kẹ̀kẹ́ Buntik Sọ̀kalẹ̀

Ẹ̀wù rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí. Òógùn ti mú kó lẹ̀ mọ́ ọn lára, nítorí ibi tó ga jù lórí Òkè Tualun là ń gùn lọ́wọ́. Lókè ìbàdí rẹ̀, aṣọ náà tẹ̀ wọnú, àtẹ́lẹwọ́ kan pẹ̀lú ìka rẹ̀ márààrún, kedere. Kò sí ọwọ́ níbẹ̀. Èmi nìkan ni mo wà lẹ́yìn rẹ̀, ọwọ́ mi méjèèjì sì wà lórí kẹ̀kẹ́ tèmi.

Ẹni tí mò ń sọ ni Tan Buntik, àgbẹ̀ gúáfà ní ìlú wa. Èmi ni Siukim, tí mò ń ta wàrà sóyà gbígbóná láràárọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́. Ẹgbẹ́ oníkẹ̀kẹ́ wa kì í ṣe ti ọ̀dọ́ rárá. Àwa tí orúnkún wa ń ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo ni, a sì máa ń jáde lọ́jọọ́ Sunday, a ó gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ọ̀nà jíjìn, a ó jẹun, a ó padà. Ká sọ òtítọ́, oúnjẹ yẹn ló ń gbé àwọn mìíràn jáde nílé.

Ọdún méjì sẹ́yìn ni wọ́n la àyà Buntik ní ọsíbítù. Látìgbà náà, bí a bá ti dé ìsàlẹ̀ òkè báyìí, inú ọkọ̀ ìyàwó rẹ̀ ló ń wọ̀. Bihong ìyàwó rẹ̀ a máa wa ọkọ̀ tẹ̀ lé wa pẹ̀lú omi, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti oògùn ọkọ rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, Ọ̀gá Kun tó ń ṣáájú wa sọ fún un láìfi bọpo bọyọ̀ pé bí ọkọ̀ bá tún gbé e gun Tualun, láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ó ti di ara àwọn arúgbó tó ń gun kẹ̀kẹ́ yí adágún omi ká nìyẹn. Buntik fa ojú ro. Ó ní kí òun máa yí ojú kan ká bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀, kí wọ́n kúkú sin òun. Bihong ní ó dáa, kó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan péré, bí kò bá ti dé orí òkè fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ parí. Mo rí bí ọkùnrin náà ṣe ń wo òkè yẹn. Kò sí ohun mìíràn tó fẹ́ láyé.

Oṣù keje tí a ń fi òṣùpá kà ni, oṣù tí ilẹ̀kùn àwọn òkú máa ń ṣí sílẹ̀. Nínú oṣù yẹn, a kì í pe orúkọ ara wa lórí òkè, kí ẹni tí kò yẹ má baà gbọ́ ọ. Oní-Gúáfà là ń pe Buntik, èmi ń jẹ́ Oní-Sóyà. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fọwọ́ kàn ọ́ láti ẹ̀yìn tàbí pè ọ́, o ò gbọdọ̀ yíjú. Èyí ò yé àwọn ọmọ ìlú ńlá, wọ́n ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́, àwa náà sì ń wò wọ́n.

Ní ìsàlẹ̀ Tualun, ilé kékeré kan wà tí kò ga ju àyà ènìyàn lọ, aṣọ pupa ni wọ́n ta sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Inú rẹ̀ ni wọ́n kó eegun àwọn tí kò ní ẹbí tí yóò sin wọ́n sí. Ẹ̀gbọ́n Rere là ń pè wọ́n. Ẹni tó bá ń kọjá á tan sìgá kan, á gbé e síbẹ̀ kó máa rú, á tẹríba, á sì bá tirẹ̀ lọ. A kì í sọ pé ó dàbọ̀. A kì í sọ pé ẹ jẹ́ ká lọ, kí wọ́n má baà tẹ̀ lé wa. Bí o bá sì tọrọ nǹkan lọ́wọ́ wọn, ohun tí apá rẹ ká ni kí o ṣèlérí, nítorí wọ́n máa ń gbọ́, wọ́n sì máa ń gba owó ọjà wọn.

Gbogbo wa tẹríba, a lọ. Buntik dúró lẹ́yìn. Èmi náà ṣe bíi pé mò ń tún bàtà mi so, torí alátojúbọ̀ ni mí, bí ìyá mi ṣe bí mi nìyẹn. Mo gbọ́ tó ń rẹ́rìn-ín sínú, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

"Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi ti kẹ̀kẹ́ yìí débi tó lè dé. Tá a bá ti dókè, ẹ̀yin lẹ máa gùn ún sọ̀kalẹ̀."

Nínú ẹgbẹ́ wa, bí ẹnì kan bá rẹ̀, ẹni tó lágbára á gùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á fi ọwọ́ kan tì í lẹ́yìn. Ohun tó ń tọrọ nìyẹn. Èmi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó gbọ́ ìró ẹyin kankan láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Bí mo ṣe wá rí ọwọ́ lára ẹ̀wù rẹ̀ nìyẹn. Orí mi wú. Ẹlòmíràn ì bá rọra fà sẹ́yìn, ṣùgbọ́n èmi tẹ ẹsẹ̀ mọ́ kẹ̀kẹ́ kí n lè rí i dáadáa. Bó bá dé ibi tí ọ̀nà gbé ga, àwọn ìka náà á rì wọnú aṣọ sí i. Bó bá dé ibi tó tẹ́jú, wọ́n á dẹ̀. Òórùn sìgá tútù kan ń bọ̀ wá sí imú mi, sìgá tí kì í ṣe èyí tí a tàn. Buntik kò mí gúlegúle. Ó ń fi ẹnu súfèé. Ó kọjá lára Ọ̀gá Kun, ó sì kọ́kọ́ dé orí òkè.

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Bihong sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ó ń sunkún, ó sì ń bú u nígbà kan náà. Buntik jókòó sórí òkúta funfun tó wà létí ọ̀nà, ó ní kí a jẹ́ kí òun sinmi díẹ̀. Mo lọ yọjú wo ẹ̀yìn rẹ̀. Gbogbo ẹ̀wù náà ló tutù rinrin, àfi ibi tí àtẹ́lẹwọ́ wà. Ibẹ̀ gbẹ.

Ẹnikẹ́ni ò kíyè sí i nígbà tó dìde. Kò dé akoto. Ó fi ọwọ́ pa kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lára bí ẹni tó rí ẹṣin tó wù ú, ó gùn ún, ó sì dorí kọ ìsàlẹ̀ láìdúró de ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo sáré tẹ̀ lé e. Ó jókòó gbọnrangandan, àtàǹpàkò rẹ̀ ń tẹ ibi tó yẹ kí aago kẹ̀kẹ́ wà, bẹ́ẹ̀ kò sí aago níbẹ̀. Bó bá dé kọ́nà, kò fọwọ́ kan bíréèkì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń fi wa kẹ̀kẹ́ sẹ́yìn, bí àwọn bàbá wa ṣe máa ń dá kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́rù dúró láyé àtijọ́. Kẹ̀kẹ́ òde òní kì í fìyẹn dúró. Nígbà tó rí i pé kò dúró, ó fi bàtà wọ́lẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé, èéfín sì ń jáde lábẹ́ bàtà náà.

Ọlọ́run ló ní kó má já sínú ọ̀gbun. Nígbà tí mo bá a ní abúlé Samkhe, níbi tí a ti máa ń jẹun ọ̀sán, ó ti jókòó ní ilé oúnjẹ, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wà lórí bẹ́ǹṣì, ó sì ń jẹ ìrẹsì ọlọ́ràá ẹlẹ́dẹ̀ tí dókítà ti ní kò gbọdọ̀ fi kan ẹnu. Àwọn yòókù dé, wọ́n ń dá a lápàárá pé ṣé iléèwòsàn tuntun ló ń wá ni. Ó ń wò wọ́n tẹ̀rín-tẹ̀rín. Bihong gbé oògùn síwájú rẹ̀. Ó dìde díẹ̀, ó gba oògùn náà tọwọ́-tẹsẹ̀.

"Ẹ ṣé o, ìyàwó ilé yìí," ló wí. "Ṣé ọkọ̀ ojú irin tó ń kó ìrèké ti kọjá lónìí?"

Wọ́n ti hú ojú irin yẹn kúrò nílẹ̀ kí a tó bí ẹnikẹ́ni nínú wa.

Mo fa Bihong sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo sọ ohun tí mo gbọ́ ní ìsàlẹ̀ òkè àti ohun tí mo rí lára ẹ̀wù. Mo rò pé yóò ké. Kò ké. Ó padà lọ jókòó níwájú ọkùnrin náà, ó fa ohùn rẹ̀ wálẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kí lorúkọ yín?"

"Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti pè é kẹ́yìn. Mo ti gbàgbé."

"Ẹni tó fún yín ní kẹ̀kẹ́ ńkọ́?"

"Ó wà lórí òkúta. Mi ò jalè o. Ó ní kí n gùn ún sọ̀kalẹ̀, mo gùn ún. Kò sọ ibi tí mo ti máa bọ́ sílẹ̀." Ó tún bu ìrẹsì sẹ́nu. "Tí olóhun bá wá mú nǹkan rẹ̀, màá dìde fún un. Ṣùgbọ́n ẹ tètè o. Ibẹ̀ tutù, tó bá pẹ́, kò ní í mọ̀nà mọ́."

Bihong ti mọ ohun tó kàn. Bó bá jẹ́ pé ọmọ kékeré ni ìbẹ̀rù lé ẹ̀mí rẹ̀ jáde, ìyá rẹ̀ á gbé aṣọ tó wọ̀ lọ síbi tó ti ṣẹlẹ̀, á pe orúkọ rẹ̀, á sì mú un wálé. Ó mú ẹ̀wù òtútù tí ọkọ rẹ̀ bọ́ láàárọ̀, ó gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sínú ọkọ̀, ó ní kí n tẹ̀ lé òun. Orí kẹ̀kẹ́ ni ọkọ òun ti kúrò, orí kẹ̀kẹ́ náà ló máa bá wálé, òun kò sì mọ kẹ̀kẹ́ í gùn. Ọ̀gá Kun di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú.

"Ìyàwó, o ò lè pe orúkọ lórí òkè nínú oṣù yìí. Gbogbo wọn ló máa gbọ́."

"Kí gbogbo wọn gbọ́," ni Bihong wí. "Ọ̀kan ṣoṣo ló jẹ́ ọkọ mi."

Kò sí ẹ̀dá kankan lórí òkè nígbà tí a débẹ̀. Òkúta funfun náà ṣófo. Kùrukùru ti ń bọ̀ láti inú igbó oparun. Bihong dúró sí ojú ọ̀nà, ó na ẹ̀wù náà sókè, ó sì pe orúkọ ọkọ rẹ̀ ní kíkún, orúkọ bàbá àti tirẹ̀, pé kó bọ̀ wálé. Ó pè é títí ohùn rẹ̀ fi há. Nígbà náà ni koríko tó wà létí ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀, kì í ṣe níbì kan, bí kò ṣe káàkiri, láìsí afẹ́fẹ́. Bihong so ẹ̀wù náà mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ó ní kí n máa lọ, kí n má wo ẹ̀yìn.

Kẹ̀kẹ́ náà wúwo. Ìsàlẹ̀ ni mò ń lọ, síbẹ̀ mò ń fi ẹsẹ̀ wà á bí ẹni tó ń gun òkè. Ní kọ́nà kejì, nǹkan kan bà mí lókè ìbàdí, ó tutù, ó sì rọra tẹ̀ mí. Mo sọ sínú pé Buntik nìyí, ó ti dì mí mú. Inú mi dùn débi pé mo ń sunkún. Ẹ ò mọ bó ṣe le tó fún irú mi láti má yíjú. Ọrùn mi ń dùn mí bí ẹni tó ru ẹrù igbá mẹ́ta.

Bí mo ṣe gbé ẹsẹ̀ kan wọ ilé oúnjẹ ni ọkùnrin tó wà nídìí tábìlì gbé ṣíbí rẹ̀ sílẹ̀. Ó mi orí sí mi, ó ní oúnjẹ náà dára, ó sì dorí kodò. Nígbà tó gbé orí sókè, ojú Buntik ni. Ó wo àwo ọlọ́ràá iwájú rẹ̀, ó wo bàtà rẹ̀ tó ti jóná.

"Ta ló jẹ oúnjẹ mi?" ló wí. "Oní-Sóyà, ìwọ ni?"

Bihong tó tẹ̀ lé mi wọlé gbá a létí, lẹ́yìn náà ló dì mọ́ ọn. Gbogbo wa jókòó. Ó ní òun rí wa tí a ń lọ, òun pariwo, ẹnikẹ́ni ò gbọ́. Òun ò sì dá wà lórí òkè yẹn.

"Nígbà tí ìyàwó mi pè mí, gbogbo wa la dìde," ló sọ jẹ́jẹ́. "Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pe ènìyàn níbẹ̀. Mo ní, ẹ má bínú, èmi ni wọ́n ń pè."

Mo fẹ́ fi àwàdà tú ọ̀rọ̀ náà ká. Mo ní ó wúwo, mo ní ọwọ́ rẹ̀ tó fi dì mí lẹ́yìn tutù bí yìnyín.

"Lẹ́yìn kẹ̀?" ni Buntik wí. "Iwájú rẹ ni mo jókòó sí, lórí irin kẹ̀kẹ́. Ẹ̀wù mi ni mo dì mú."

Ó wá wo òkè èjìká mi, ó sì tètè gbé ojú rẹ̀ sílẹ̀. Bihong dìde. Ó lọ bu ìrẹsì sínú àwo kékeré, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbi tí ẹnikẹ́ni kò jókòó sí. Ooru ìrẹsì náà ń gòkè, ó sì ń tẹ̀ sí ọ̀dọ̀ mi.

Buntik ti wà pẹ̀lú àwọn tó ń yí adágún ká báyìí, kò ráhùn. Èmi ni mo ń kọ́kọ́ dé orí òkè láàárín àwa yòókù. Ọ̀gá Kun rò pé sóyà ni. Bí mo bá délé, mo máa ń bọ́ ẹ̀wù mi, mo máa ń na ẹ̀yìn rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀, gbogbo rẹ̀ á tutù, àfi ibì kan lókè ìbàdí. Mo ti gbé àtẹ́lẹwọ́ tèmi lé e rí. Ó bò ó mọ́lẹ̀ pátápátá. Ọwọ́ ọmọdé ni.

Láràárọ̀, kí n tó ta ife àkọ́kọ́, mo máa ń gbé ife sóyà oníṣúgà kan sí ẹ̀yìn mi, mi ò sì ní í wò ó. Mi ò tíì bèèrè orúkọ rẹ̀. Ẹni tí a bá mọ orúkọ rẹ̀, a lè pè é, ẹni tí a bá sì pè, ó ti di ẹni tó ń wálé nìyẹn. Ṣùgbọ́n mo mọ ara mi. Lọ́jọ́ kan, màá bèèrè.