Ẹni Tí Láoyè Pè Wá Jẹun

Ère obìnrin kan tí wọ́n fi igi gbẹ́ jókòó sórí bẹ́ǹṣì gan-an bí ẹni tó ń dúró de mọ́tò. Gíláàsì kò bò ó bíi ti àwọn ohun yòókù tó wà níbẹ̀. Ó ti rẹ Láoyè kọjá kó máa ro ìyẹn. Ó jókòó tì í.

Ilé ìwòsàn ni òun àti Hannah ìyàwó rẹ̀ ti ń bọ̀. Oòrùn Ore mú, ọkọ̀ Ajue tó máa gbé wọn relé kò sì tíì kún, ni wọ́n bá yà sínú ilé kékeré tí wọ́n kó ohun àtijọ́ oríṣiríṣi ìlú àgbáyé jọ sí. Hannah ti rù kan eegun. Àìsàn náà ti lọ, ṣùgbọ́n oúnjẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba ọ̀fun rẹ̀ kọjá ni. Bùsọ́lá, ọmọ wọn kan ṣoṣo, máa tó bímọ, Hannah sì ti búra pé ọwọ́ òun ni òun máa fi wẹ ọmọ náà.

Láoyè ṣí kúlà, ó bu púpurú tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe àti ẹja fún ìyàwó rẹ̀. Ó wá yíjú sí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bí wọ́n ṣe tọ́ ọ dàgbà.

"Ẹ wá ká jẹun."

Hannah rẹ́rìn-ín. "Bàbá Bùsọ́lá, igi lẹ ń pè yẹn."

"Igi náà ò ha lẹ́nu?"

Loveth, ọmọbìnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀, kò bá wọn rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ṣé ó dá yín lóhùn?"

"Ìwọ ọmọ yìí, ère ni."

Ọmọbìnrin náà wo ère náà, ó sún sẹ́yìn.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà nílé, abọ́ Hannah ṣófo kí ó tó gbé òkèlè kejì mì. "Mi ò tíì jẹun o," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Ní ọjọ́ kejì Láoyè jókòó ṣọ́ ọ. Ó rí i tí púpurú náà ń dín kù ní ìhà tí ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ kò dé. Àga tó wà ní ìkọjú wọn dún bí ẹni pé èèyàn tẹ̀ ẹ́, òórùn igi gbígbẹ sì gba iyàrá. Àwọn ará ilé àdúrà wá, wọ́n wọ́n omi sí gbogbo igun ilé. Nígbà tí wọ́n parí, àmín kan dún gbẹ̀yìn ti gbogbo wọn, láti orí àga náà.

Láoyè padà sí Ore. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ère náà ti kún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Loveth rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọ̀gá mi ní àwọn tó gbẹ́ ẹ kì í fi oúnjẹ lọ̀ ọ́. Tó bá tẹ̀lé èèyàn délé, oúnjẹ ẹni tí kò lókun jù nínú ilé ló máa ń jẹ."

"Báwo ni wọ́n ṣe ń lé e?"

"Wọn ò sọ ìyẹn, sà."

Láoyè ro ó nínú ọkọ̀ títí ó fi délé. Bó bá jẹ́ ẹni tí kò lókun ló ń wá, òun mọ ààwẹ̀ í gbà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á lọ́jọ́ náà.

"Ààwẹ̀ kí lẹ tún ń gbà, bàbá olóríkunkun?" Hannah bi í.

"Ti ọmọ wa ni."

Ó gbà á títí ó fi ń di ògiri mú rìn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó jókòó sídìí oúnjẹ, púpurú iwájú rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù láti òdìkejì. Ó gbójú sókè. Òógùn ń bẹ nímú Hannah, ó ń gbé òkèlè mì, ó sì ń wá ẹja sí i. Omijé bọ́ lójú Láoyè, kò nù ún.

Láti ìgbà náà òun ló ń rù. Ó rẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ru kòkó gbogbo oko nìkan, ṣùgbọ́n Hannah ń sanra, ìyẹn sì tó o.

Bùsọ́lá bí ọkùnrin. Ọmọ náà kò tíì pé oṣù kan tí fóònù fi dún láàárọ̀.

"Bàbá, ọmọ-ọmọ yín ń bọ̀ wá kí yín o."

Láoyè wo abọ́ iwájú rẹ̀. Bí ìkókó bá wọlé, kò sí ẹni tí kò ní lókun tó o.

"Má gbé e wá, Bùsọ́lá."

"Ẹ ti bẹ̀rẹ̀ àwàdà yín. A ti sọ̀ ní Odigbo, orí ọ̀kadà la wà."

Ní ẹ̀yìnkùlé, Hannah ti gbé omi ìwẹ̀ ọmọ kaná, ó ń kọrin. Láoyè na ọwọ́ sí ògiri kó lè dìde. Àga tó wà ní ìkọjú rẹ̀ wọ́ nílẹ̀, ó yí díẹ̀díẹ̀, ó sì kọjú sí ẹnu ọ̀nà.