Ìkìlọ̀ tí Atúnṣe Pa Mọ́

Bàtà ẹsẹ̀ obìnrin náà kò bára mu. Ọ̀kan dúdú, ọ̀kan pupa rúsúrúsú, ó sì gbé kọ̀ǹpútà tuntun kan mọ́yà wọ inú ṣọ́ọ̀bù, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Arẹwà ni, ṣùgbọ́n ẹ ó mọ̀ lójú rẹ̀ pé kò tíì sùn dáadáa láti bí ọjọ́ mélòó kan. Ọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe níbẹ̀ gbójú sókè, irin gbígbóná tó fi ń jó òjé sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jó o níka. Ẹ má bi mí bóyá ìfẹ́ nìyẹn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ó rí bàtà náà, kò sì rẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ ká máa pe ọkùnrin yìí ní Atúnṣe, ká sì pe obìnrin náà ní Tíṣà, torí ìṣirò ló ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé. Ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ ló gbé e wá. Awakọ̀ ojú irin tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá, àìsàn ọ̀fun sì ti gba ohùn lẹ́nu rẹ̀. Láti ìgbà náà, tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, á tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà á sì bá a sọ ọ́ síta. Kọ̀ǹpútà yẹn ti jóná. Wọ́n gbé ìwé àti bírò fún bàbá, ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọjọ́ kẹsàn-án rèé, oúnjẹ pàápàá kò wù ú mọ́.

Ètò tó ń sọ̀rọ̀ náà gbára lé láíbìrì kékeré kan, ìyẹn àkójọ àṣẹ tí ẹnì kan ti fi èdè C, èdè tí kọ̀ǹpútà ń gbọ́, kọ tipẹ́tipẹ́. Kóòdù rẹ̀, ìyẹn àwọn àṣẹ náà bí wọ́n ṣe kọ wọ́n, nìkan ló wà níta. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó ni yóò fọwọ́ ara rẹ̀ sọ ọ́ di ohun tó ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Tíṣà ti ṣe é títí ó ti sú u. Àṣìṣe lórí àṣìṣe ni kọ̀ǹpútà ń kó jáde.

“Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá,” ló wí. “Bàbá mi ń dákẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́.”

Atúnṣe fa àga fún un. Ó ní kó má jẹ́ kí ọ̀pọ̀ àṣìṣe yẹn já a láyà, pé èyí àkọ́kọ́ ló sábà máa ń bí àwọn yòókù. Lóòótọ́, fáìlì kan ni kò sí nílé. Ó wá a, ó fi í sí i, nǹkan bí ogójì àṣìṣe sì pòórá lẹ́ẹ̀kan náà. Lọ́jọ́ kejì, orúkọ láíbìrì mìíràn tí wọ́n kọ síbi tí kò yẹ ló ń fa wàhálà. Ó gbé e sẹ́yìn, wàhálà náà sì lọ. Tíṣà ń ti ilé ìwé bọ̀ síbẹ̀ lójoojúmọ́. Ìgbà yẹn ni Atúnṣe wá bi í bóyá irú bàtà ọjọ́ yẹn, wọ́n ń ta á ní méjì-méjì. Ó kọ́kọ́ bojú wo ilẹ̀, ó wá bú sẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tó rẹ́rìn-ín gbẹ̀yìn.

Ọjọ́ kẹta ni ibi ti ṣẹ̀. Ẹni tó kọ láíbìrì náà ti pàṣẹ sínú rẹ̀ pé bí ìkìlọ̀ kan bá jáde, bó ti wù kó kéré tó, kí iṣẹ́ dúró. Ìkìlọ̀ sì jáde, pé àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún gbólóhùn kan lè má gbà á bó bá gùn. Mọ́kànlá ni irú rẹ̀. Bí Atúnṣe ṣe ń kà wọ́n lọ, fóònù Tíṣà dún: aládùúgbò ní bàbá tún ti dá oúnjẹ padà. Tíṣà gbé fóònù sílẹ̀, ó tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà bí ẹni tó ń bẹ̀ ẹ́. Atúnṣe kò lè wò ó. Ó yọ àṣẹ náà kúrò, ó ní kí kọ̀ǹpútà má kìlọ̀ fún òun mọ́. Láíbìrì parí láàárín ìṣẹ́jú kan.

“Kò sí ìkìlọ̀ kankan?” ni Tíṣà bi í.

“Kò sí.”

Ó ní lọ́kàn láti padà wá tún un ṣe lọ́la. Ẹ̀yin náà ẹ mọ lọ́la àwọn ọkùnrin.

Nílé, níbi tí Atúnṣe bá Tíṣà gbé kọ̀ǹpútà dé, bàbá fi ìka kan tẹ ọ̀rọ̀, ẹ̀rọ sì ní, “Omi.” Tíṣà sunkún bí ọmọdé. Bàbá mu omi tán, ó wo àlejò láti òkè dé ilẹ̀, ó tún tẹ̀ ẹ́: “Ta nìyí?”

Oṣù mẹ́ta kọjá. “Ẹ” di “o” láàárín àwọn méjèèjì, “ọ̀gá” di “olólùfẹ́ mi”. Bàbá kì í sọ ju ọ̀rọ̀ méjì mẹ́ta lọ: “Jókòó.” “Ó tó.” “Ilẹ̀ ti ṣú, máa lọ.” Ìdí nìyẹn tí àṣírí kò fi tú. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tí bàbá bá gbé ìka lé kọ̀ǹpútà, àyà Atúnṣe á já. Kó tó lè tún un ṣe, ó gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ pé òun purọ́, ojú sì ń tì í. Bó ṣe ń pẹ́ sí i ló ń nira sí i.

Ìyá Atúnṣe, aṣerunlóge tí ẹnu rẹ̀ mú ju sísọ́ọ̀sì rẹ̀ lọ, kò fẹ́ gbọ́ ọ sétí pé ọmọ òun fẹ́ fẹ́ Tíṣà. Ó bi í bóyá ìyàwó ló fẹ́ fẹ́ àbí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló fẹ́ gbà. Ọmọ bẹ̀ ẹ́ títí, ó gbà láti lọ rí bàbá. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni, bí wọ́n bá fojú di òun níbẹ̀, ó parí.

Nígbà tí wọ́n jókòó tán ní pálọ̀ bàbá, ìyá ní ọmọ wọn ni àwọn wá tọrọ, kí ni bàbá wí sí i? Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Ó ń tẹ̀, kò dúró. Ó ti ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ dáadáa, Atúnṣe sì rí i. Bàbá tẹ bọ́tìnnì tó kẹ́yìn, ẹ̀rọ ké tíì, ó kú. Ó tún un tẹ̀. Ẹ̀rọ dákẹ́ lọ gbári.

Ìyá mú báàgì rẹ̀, ó dìde. Ó ní ó ti yé òun, wọ́n ò fẹ́ àwọn. Tíṣà sáré lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó ní kí wọ́n má bínú, pé ẹ̀bi òun ni, pé ó ní láti jẹ́ pé òun fa wáyà kan nígbà tí òun ń gbálẹ̀ láàárọ̀.

Atúnṣe ìbá dákẹ́. Kò sẹ́ni tí ì bá mọ̀ láéláé. Ṣùgbọ́n kò lè wò ó lórí ìkúnlẹ̀ nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tí òun dá.

“Màmá, ẹ jókòó. Bàbá ò kọ̀ wá. Èmi ni mo ba nǹkan jẹ́.” Ó sì sọ gbogbo rẹ̀.

Tíṣà dìde díẹ̀díẹ̀. “Mo bi ẹ́, o ní kò sí.”

“Mo purọ́ fún ẹ.”

Atúnṣe jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó dá àṣẹ tó yọ padà, ìkìlọ̀ mọ́kànlá sì jáde lójú gbogbo ayé. Ó ń kà wọ́n sókè lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé ẹ̀kẹta, Tíṣà fa àga, ó jókòó tì í, ó ń bá a ṣírò iye àyè tó yẹ. Nọ́ńbà nìkan ló ń ti ẹnu rẹ̀ jáde. Ohun tó dun Atúnṣe jù nìyẹn. Ó tó wákàtí kan kí iṣẹ́ tó parí láìsí ìkìlọ̀ kan.

Ọ̀rọ̀ tí bàbá tẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti lọ. Ó tún un tẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, wọ́n sì dúró dè é.

“Àna mi,” ni ẹ̀rọ wí, ìyá sì gbé báàgì sílẹ̀. “Ẹ má bínú pé mo fi yín sílẹ̀ lórí ìdúró. Ọmọ yín ló dá ohùn mi padà fún mi, láti ọjọ́ náà ni mo sì ti gbà á lọ́mọ, mi ò kàn sọ ọ́ ni. Irọ́ tó pa dùn mí, ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi ló purọ́ fún. Ẹni tó purọ́ fún ni kẹ́ ẹ bi.”

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Tíṣà. Ó kọjú sí Atúnṣe.

“Bí mo bá tún bi ẹ́ ní ìbéèrè lọ́jọ́ mìíràn ńkọ́?”

“Màá sọ òótọ́ fún ẹ, bí ẹ̀rù bá tiẹ̀ ń bà mí.”

“Ẹ̀rù ń bà ẹ́ báyìí?”

“Ó ń bà mí gan-an.”

“Èmi náà,” ni Tíṣà wí, ó sì mú ọwọ́ rẹ̀. “Inú ṣì ń bí mi o. Ṣùgbọ́n mo gbà.”

Ìyá nu ojú rẹ̀, ó ní kí wọ́n wá sọ oṣù tí àwọn máa ṣe ìgbéyàwó. Ìka bàbá ti wà lórí kọ̀ǹpútà. Kò sẹ́ni tó kán an lójú. Wọ́n dúró jẹ́ẹ́ títí ó fi tẹ̀ ẹ́ tán.