Àyè Táyé Nínú Fọ́tò

Orí àpótí ni Delphine wà nígbà tí Rafiou, ayafọ́tò, kọ́kọ́ rí i. Ó ń kan aṣọ aláwọ̀ ewé mọ́ ògiri ilé bàbá rẹ̀ ní Ko-Koumolou, kí ẹ̀yìn fọ́tò lè dùn-ún wò, ìṣó mẹ́ta sì wà láàárín ètè rẹ̀. Rafiou kí i. Kò lè dáhùn. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé kò sì gbọdọ̀ dúró ṣánṣán kí àlejò, ló bá kúnlẹ̀ sórí àpótí, tòun ti ìṣó lẹ́nu.

“Ẹ dìde o, kí ẹ má lọ gbé ìṣó mì nítorí tèmi.”

Ẹ̀rín pa Delphine, ìṣó dà sílẹ̀, àwọn méjèèjì sì ń wá a nínú iyanrìn. Kí wọ́n tó rí ìkẹta, ẹ gbà mí gbọ́, ọkàn Rafiou ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ fọ́tò ọ̀hún kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Bàbá Ògúntádé, tó ni ilé, ti wà lórí àìsàn láti ìgbà ìkórè àgbàdo. Ohun kan ṣoṣo ló ń bèèrè: kí òun, ìyàwó òun àti àwọn ọmọ òun wà nínú fọ́tò kan kí òun tó lọ. Kò sí irú ẹ̀ nínú ilé náà rí. Ọjọ́ Àìkú mẹ́ta ni wọ́n ti dá, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló yẹ̀. Bí bàbá bá lè jókòó, Cyprien, àkọ́bí, kò ní ráyè kúrò ní Kútọnu. Bí Cyprien bá dé, bàbá kò ní lè gbórí sókè. Ọjọ́ tí Rafiou wá yìí ni gbogbo wọn tó pé.

Wọ́n gbé bàbá sórí àga. Fáyẹ́misí, ìyàwó rẹ̀, jókòó tì í. Cyprien dúró sẹ́yìn wọn. Delphine dúró lápá ọ̀tún ìyá rẹ̀, àmọ́ ó jìnnà sí i díẹ̀. Rafiou ya ẹyọ kan láti fi wo ìmọ́lẹ̀, ó sì rí i pé àyè ṣófo láàárín ìyá àti ọmọ.

“Mademoiselle, ẹ sún mọ́ màmá, ẹ dí àyè yẹn. Ó ń ba fọ́tò jẹ́.”

Delphine kò mira.

Háà, Rafiou! Ta ni ì bá sọ fún un? Orúkọ ilé ìwé ọmọ náà nìkan ló mọ̀, kò mọ̀ pé Kẹ́hìndé ni. Táyé, èkejì rẹ̀, lọ ra iyọ̀ nígbà tí wọ́n wà lọ́mọ ọdún méje. Bí a ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn, a kì í sọ pé ìbejì kú. Láti ọjọ́ náà, wọn kì í ya Delphine ní fọ́tò láì fi àyè sílẹ̀ fún Táyé.

Fáyẹ́misí ti fò dìde. “Ọmọ mi ló ń ba fọ́tò jẹ́? Pa á rẹ́! Ohun tó o yà níbẹ̀, pa á rẹ́ lójú mi báyìí!”

“Màmá, ẹ dákun, pardon, mi ò mọ̀ ni…”

“Mo ní kí o pa á rẹ́!”

Rafiou pa á rẹ́. Bàbá fẹ́ sọ̀rọ̀, ikọ́ kò jẹ́ kó lè sọ ọ́. Wọ́n gbé e wọlé.

Láti ìgbà náà ni Rafiou ti ń wá bẹ̀bẹ̀, tí Fáyẹ́misí kì í dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n Rafiou ń gba ibi tí Delphine ti ń yan gàrí kọjá.

“Oníṣó mi, ṣé o ti jẹun?”

“Ayafọ́tò tí kò mọ àyè, ta ló bi ọ́?”

Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe títí eré fi di òótọ́. Nígbà tí Rafiou sọ pé òun fẹ́ ẹ, Delphine da omi ojú. Ó ti mọ èsì ìyá rẹ̀.

“Ẹni tó lé ọmọ mi kan kúrò nínú ilé kò ní fẹ́ èkejì,” ni Fáyẹ́misí wí. “Ẹ̀rọ rẹ̀ kò sì tún gbọdọ̀ wọ ibí.”

Àràárọ̀ ni bàbá ń bèèrè bóyá ayafọ́tò ti dé. Wọ́n á ní ó ń bọ̀. Ọ̀sán Ọjọ́rú kan, gàrí ṣì wà lórí iná, wọ́n wá pe Delphine. Kí ó tó délé, bàbá ti lọ.

Fọ́tò tí wọ́n gbé síwájú pósí, ti káàdì ìdánimọ̀ ni. Ojú bàbá le koko níbẹ̀ bí ojú ẹni tí wọ́n mú sí àgọ́ ọlọ́pàá. Kò sí òmíràn.

Ní ọjọ́ kẹjọ, tí Cyprien ti padà sí Kútọnu, Fáyẹ́misí ránṣẹ́ pe Rafiou. Ó jókòó nílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ àga ọkọ rẹ̀.

“Èyí tó o yà lọ́jọ́ náà, wọ́n ní ẹ̀rọ kì í gbàgbé. Bá mi wá a.”

“Màmá, mo ti gbé ẹ̀rọ náà dé Àjàṣẹ́, ọ̀dọ̀ ẹni tó mọ iṣẹ́ náà. Kò sí níbẹ̀ mọ́. Èmi ni mo pa á rẹ́.”

“Rárá. Èmi ni mo ní kí o pa á rẹ́.” Ó fi ìborùn bo ojú, ó sunkún. Delphine ń sunkún lẹ́nu ọ̀nà, Rafiou kò sì lè gbé ọwọ́ lé èjìká rẹ̀.

Nígbà tó pẹ́, ìyá bèèrè pé, “Báwo ni bàbá wọn ṣe rí níbẹ̀?”

“Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, Màmá. Ẹ̀yin ni wọ́n ń wò.”

“Èmi?”

“Ẹ̀yin ni. Gbogbo yín wà níbẹ̀. Àyè Táyé náà wà níbẹ̀.”

Fáyẹ́misí ṣí ojú. “Ojú rẹ nìkan ló rí wa bí a ṣe pé. A ò tún ní pé mọ́ láé. Ìwọ tó o rí wa yìí, ibo lo fẹ́ lọ? Dúró tì wá, kí o máa sọ ọ́ fún mi.”

Ó ní kí Rafiou gbé ẹ̀rọ jáde, kí ó tò ó kí ẹ̀rọ náà lè dá ya fọ́tò fúnra rẹ̀. Ó ní kí àga bàbá wà níbi tó wà. Òun jókòó tì í, ó fi àyè sílẹ̀, ó fi Delphine sí ìkángun àyè náà.

“Ìwọ náà, bọ́ síbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ìyàwó rẹ. Má fẹsẹ̀ tẹ àyè Táyé.”

Rafiou sáré wá síbẹ̀. Delphine di ọwọ́ rẹ̀ mú, ọwọ́ náà tutù.

“Oníṣó mi,” ni Rafiou wí lábẹ́ ohùn, “mi ò ní lọ.”

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín nínú wọn. Ẹ̀rọ yà á, àwọn mẹ́ta àti àyè méjì.