Ẹyẹ Inú Àyà Ẹniọlá

"Kí òjò ọdún yìí tó dá, iná abẹ́ ààtàn yìí yóò ti kú. Ẹ kò ní í fa èéfín símú mọ́. Mo fi orúkọ bàbá tí ó bí mi ṣèlérí."

Báyìí ni ọkùnrin kan tí agbára wà lọ́wọ́ rẹ̀ wí fún àwọn ará Ìgàndó ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí àkọ́rọ̀ òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀. Aṣọ funfun ni ó wọ̀. Ó fi aṣọ ìnujú bo imú kí ó tó sọ̀rọ̀, ó ṣí i kúrò láti ṣèlérí, ó sì tún fi bò ó nígbà tí ó parí. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́.

Ọmọ́níyì wà láàárín èrò náà. Olùkọ́ ni ní ilé-ìwé aládàáni kan ní Akówonjo, ṣùgbọ́n inú ìtàn àràmàǹdà ni ọkàn rẹ̀ wà: ìtàn àwọn ìlú tí kò tíì sí, àti àwọn ẹ̀dá tí ojú kò rí rí. Ó gbàgbọ́ pé ibi tí ayé ń da ohun tí kò fẹ́ mọ́ sí ni irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ń gbé, ìdí nìyẹn tí ó fi wá wo ààtàn.

Ibẹ̀ ni ó ti rí ọmọbìnrin kan. Ó jókòó lórí bọ́kẹ́ẹ̀tì tí a da ojú rẹ̀ dé, àwọn lékèélékèé dúró yí i ká nínú ìdọ̀tí bí ẹni pé wọ́n wá jíhìn fún un. Oòrùn la èéfín kọjá, ó sì bà lé ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ kan. Gbogbo ènìyàn ń pàtẹ́wọ́. Òun ń ya àwòrán sínú ìwé kan.

Ọmọ́níyì yọjú wo ìwé náà. Ọkùnrin aláṣọ funfun ni ó yà, kò fo bọ́tìnnì kan, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà kò ní ẹnu.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti gbàgbé ẹnu rẹ̀."

"Mi ò gbàgbé. Tí òjò bá dá, tí iná bá kú, màá ya ẹnu fún un." Kò gbójú sókè. "Ẹ sún díẹ̀, jàre. Orí iṣẹ́ mi ni òjìji yín dúró lé."

Ó sún. Kò lọ.

Ẹniọlá ni orúkọ rẹ̀. Bàbá rẹ̀, Ilésanmí, olùkọ́ àgbà láti Èkìtì tí ó ti fẹ̀yìn tì, ti kọ́ ilé sí Ìgàndó kí ààtàn tó ga ju òrùlé rẹ̀ lọ.

Ìfẹ́ wọn wọnú iṣẹ́ wọn. Ẹniọlá a ya àwòrán, Ọmọ́níyì a gbé e lọ ilé láti kọ ìtàn rẹ̀. Èèwọ̀ ni kí ó béèrè ìtumọ̀ àwòrán kí ìtàn tó parí. Agboòrùn tí ó ya di àdán ńlá. Ilẹ̀kùn fíríìjì di ẹnubodè ìlú abẹ́ ilẹ̀. Àwọn tí ń ṣa irin di ọmọ ogun tí ọwọ́ wọn jẹ́ ìkọ́. Àwọn tí ó ń ka ìtàn wọ̀nyí lórí ayélujára a máa béèrè ibi tí wọ́n ti ń rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ẹniọlá a dáhùn pé àdúgbò òun ni. Kò sí ẹni tí ó gbà á gbọ́.

Ẹniọlá bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ó ní eruku ni. Bàbá rẹ̀ fẹ́ rán an lọ sọ́dọ̀ àbúrò òun obìnrin ní Ìkọ̀lé, ní Èkìtì, ṣùgbọ́n Ọmọ́níyì bẹ Ẹniọlá kí ó dúró. Kò lè bá a lọ. Ìyá rẹ̀ wà lórí àìsàn ní Akówonjo, òun nìkan sì ni ọmọ. Ó ní òjò ò ní í pẹ́ dá, pé ẹni ńlá ti ṣèlérí, pé àwọn yóò ṣe ìgbéyàwó nígbà tí afẹ́fẹ́ bá mọ́. Ẹniọlá dúró.

Nínú oṣù kẹsàn-án, ó fún un ní àwòrán tuntun: obìnrin kan tí egungun ìhà rẹ̀ jẹ́ àgò, lékèélékèé kan wà nínú rẹ̀, èéfín sì lọ́ mọ́ ẹyẹ náà lọ́rùn bí okùn. Inú Ọmọ́níyì dùn. Ó kọ ìtàn obìnrin tí ó gbé ẹyẹ funfun kan ṣoṣo tí ó ṣẹ́kù láyé mì, kí èéfín má baà pa á. Kò kọ ohun tí ó dára tó bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn òǹkàwé yìn ín títí. Ó wá kà á fún Ẹniọlá ní pálọ̀ bàbá rẹ̀.

Nígbà tí ó parí, Ẹniọlá fèsì.

"Ó dùn gan-an, Níyì mi. O mọ ìtàn kọ. O ò mọ àwòrán kà."

"Kí ni mo ṣì kà?"

"Kì í ṣe ìtàn. Àyà mi ni. Mi ò lè mí dáadáa mọ́. Dókítà ti ní kí n kúrò nínú èéfín yìí. Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ fún ọ, torí ìwọ lo ní kí n dúró."

Ọmọ́níyì ká ìwé náà pọ̀. Ìrora olólùfẹ́ rẹ̀ ni ó ti fi ṣe iṣẹ́ ọwọ́, tí ó sì ti gba ìyìn lé lórí. Ó dìde, ó lọ bá Bàbá Ilésanmí ní ẹ̀yìnkùlé, ó sì dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ gbé e lọ sí Ìkọ̀lé."

"Mo rò pé ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó lo bá wá."

"Òun náà ni, sà. Ẹ gbé e lọ, kí n lè rí i fẹ́."

Bàbá náà wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn. "Dìde, àna mi," ni ó wí. Kò pè é bẹ́ẹ̀ rí.

Ní ọjọ́ tí ó ń lọ, Ẹniọlá na ọwọ́ jáde láti inú ọkọ̀, ó fún Ọmọ́níyì ní àwòrán ọkùnrin aláṣọ funfun. Ó ní kí ó tọ́jú rẹ̀. Ọjọ́ tí iná bá kú, kí ó pe òun, òun yóò wá ya ẹnu fún un, òun yóò sì di ìyàwó Ọmọ́níyì.

"Ṣé o ṣèlérí?"

"Rárá o. Mo ní màá wá."

Èémí Ẹniọlá ti padà báyìí. Ó ń ya òkè Èkìtì ránṣẹ́, Ọmọ́níyì sì ń kọ ìtàn wọn, ṣùgbọ́n ní báyìí, ó máa ń kọ́kọ́ béèrè ìtumọ̀. Ọkùnrin aláṣọ funfun wà lára ògiri yàrá rẹ̀ ní Akówonjo, láìlẹ́nu.

Òjò dá ní oṣù kọkànlá. Wọn kò pa iná náà.