Ẹni Tó Jókòó Ti Ìyá Àwáwù

Ọpẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀ ni wọ́n gbé wá fún Fèyísọ́lá ní ilé ẹ̀kọ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ó ku ọdún kan kó jáde ilé ẹ̀kọ́ girama nílùú Ẹdẹ. Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe tú ká lórí ìlà ni Ọ̀gbẹ́ni Adéyẹmí, olùkọ́ tó ń darí Ẹgbẹ́ Aṣèrànwọ́ ilé ẹ̀kọ́ náà, ránṣẹ́ pè é sí ọ́fíìsì. Obìnrin kan tó ti lé láàádọ́ta ọdún jókòó síbẹ̀, ó fi ìborùn funfun bo orí, ojú rẹ̀ wú fún ẹkún. Bó ṣe rí Fèyísọ́lá lẹ́nu ọ̀nà, ó dìde, ó rìn bọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó ń bẹ̀rù kí ohun tó ń wò má fò lọ, ó sì kúnlẹ̀.

"Ẹ dìde, mà!" Fèyísọ́lá kígbe, òun náà sì kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, nítorí ta ni yóò dúró kí ẹni tó tó bí i lọ́mọ máa kúnlẹ̀ fún un?

"Òun ni," obìnrin náà sọ fún olùkọ́, kò tilẹ̀ gbé ojú kúrò lára ọmọ náà. "Òun ló jókòó ti ìyá mi lọ́jọ́ Sátidé títí ẹ̀mí fi bọ́. Ọmọ mi, Ọlọ́hun á ṣe é fún ọ. O ò ní dá nìkan wà láéláé."

Fèyísọ́lá yíjú padà. Ó wo Ọ̀gbẹ́ni Adéyẹmí. Ọ̀gbẹ́ni Adéyẹmí náà wò ó. Àwọn méjèèjì ló mọ̀ pé lọ́jọ́ Sátidé, láti àárọ̀ dalẹ́, Fèyísọ́lá kò fẹsẹ̀ kan ìta.

Ẹgbẹ́ Aṣèrànwọ́ kì í ṣe ẹgbẹ́ ńlá. Ọmọ mẹ́rìnlá ni wọ́n, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, wọ́n á lọ sí àwọn agbo ilé àtijọ́, wọ́n á pọnmi fún àwọn arúgbó tí ọmọ wọn kò sí nítòsí, wọ́n á gbálẹ̀, wọ́n á fọṣọ, wọ́n á bá wọn gba oògùn wá. Kí a má purọ́, ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ń fún ọmọ ẹgbẹ́ ló kọ́kọ́ fa Fèyísọ́lá wọ ibẹ̀. Ó ní yóò wúlò fún òun tí òun bá fẹ́ wọ yunifásítì. Ìyá Àwáwù ni wọ́n yàn fún un, arúgbó tó ti kọjá ọgọ́rin ọdún, tó ń dá gbé nínú yàrá kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí àgbàlá.

Onídìrí ni Ìyá Àwáwù nígbà tí agbára ṣì wà. Ojú wọn ti di bàìbàì, ṣùgbọ́n ìka wọn kò gbàgbé iṣẹ́. Bí wọ́n bá jókòó lásán, ìka náà á máa rìn lórí itan wọn, á máa ya ìlà, á máa dì. Lọ́jọ́ kẹta tí Fèyísọ́lá lọ, wọ́n ní kó jókòó sílẹ̀, wọ́n sì dirun fún un, ṣùkú tó gún régé. Láti ọjọ́ náà ló ti gbàgbé ọ̀rọ̀ ìwé ẹ̀rí. Gbogbo oṣù ló ń padà lọ kí wọ́n tún un dì.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú ikú wọn, ó yà wò wọ́n nígbà tó ń ti ilé ẹ̀kọ́ bọ̀. Èémí wọn ti ń fà. Wọ́n di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Fèyí, má jẹ̀ẹ́ kí n dá wà lọ́la o."

"Mo ń bọ̀, mà. Kí oòrùn tó mú, ẹ máa rí mi."

Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ibà ti dá a dùbúlẹ̀. Ìyá rẹ̀ fún un lóògùn, ó pe olùkọ́ lórí fóònù, ó sì gba ìsọ̀ rẹ̀ lọ ní ọjà Sekona. Kò sí ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn tó ráàyè; gbogbo wọn ti lọ gé koríko àyíká ilé ìwòsàn kan. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Fèyísọ́lá gbìyànjú láti dìde, ẹsẹ̀ kò gbà á. Omijé ń ṣàn sínú ìrọ̀rí. "Ọlọ́run," ó ní, "má jẹ̀ẹ́ kí ìyá yẹn dá wà. Bí èmi ò bá lè lọ, rán ẹnì kan." Lẹ́yìn náà oorun gbé e lọ. Ọjọ́ Àìkú ló gbọ́ pé Ìyá Àwáwù ti kú, pé wọ́n tilẹ̀ ti sin wọ́n. Ìtìjú kò jẹ́ kó lè jẹun.

"Ẹ jọ̀wọ́, mà," ó sọ fún obìnrin náà nísinsìnyí, ohùn rẹ̀ wálẹ̀, "èmi kọ́. Ara mi ò yá. Mi ò wá."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́ nínú omijé. "Mo mọ̀ pé ẹni tó ń ṣoore nítorí Ọlọ́hun kì í fẹ́ ariwo. Ṣùgbọ́n ojú mi ò fọ́, ọmọ mi. Aṣọ ilé ẹ̀kọ́ yìí lo wọ̀. Ṣùkú ọwọ́ ìyá mi ló wà lórí rẹ. Mo mọ ọwọ́ wọn. Àpá yìí náà wà lókè ojú rẹ. O gbé orí wọn lé itan, o ń fi aṣọ tútù nu ojú wọn. Ohun kan ṣoṣo ló yà mí lẹ́nu."

"Kí ni, mà?" Ọ̀gbẹ́ni Adéyẹmí béèrè jẹ́jẹ́.

"Oòrùn ń ràn wọ inú yàrá náà gbòòrò. Òjìji ìyá mi wà lára ògiri. Mi ò rí òjìji ọmọ yìí."

Fáànù orí àjà ń dún kẹ́, kẹ́, kẹ́.

"Ìyá Nasrullah ni wọ́n ń pè mí, àbúrò olóògbé Àwáwù ni mí, Ìlọrin ni mo ń gbé," obìnrin náà ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Ọdún kẹsàn-án rèé tí èmi àti ìyá mi ti jà. Lójú gbogbo agbo ilé ni mo ti sọ̀rọ̀ sí wọn, ọ̀rọ̀ tí ọmọ kì í sọ sí ìyá. Mo lọ, mi ò padà. Lọ́jọ́ Sátidé, ọkàn mi ò balẹ̀, mo wọkọ̀, mo wá. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ojú fèrèsé, ìtìjú dè mí lẹ́sẹ̀. Mo dúró síbẹ̀, mo ń wò yín. Mo rí i tí ìyá mi ń mi ètè, tí o dẹ etí sí wọn lẹ́nu. Nígbà tí ẹsẹ̀ mi máa fi gbà mí wọlé, ìyá mi ti jáde láyé." Ó gbá ọwọ́ Fèyísọ́lá mú. "Kí ni wọ́n sọ? Bó jẹ́ èpè ni wọ́n ṣẹ́ fún mi, sọ ọ́, màá gbà á. Àìmọ̀ yìí ló fẹ́ pa mí."

Irọ́ kan wá sí Fèyísọ́lá lẹ́nu, irọ́ tó dùn, tó sì rọrùn: kó ṣáà ní wọ́n ti dárí jì í. Ta ni yóò já a? Ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe ń purọ́ mọ́ òkú tó dirun fún un? Ó pinnu láti sọ pé òun kò mọ̀. Ó la ẹnu.

Ariwo àwọn ọmọ níta dákẹ́ lójijì, bí ìgbà tí èèyàn bá ri orí bọ omi. Otútù kan gbà á lẹ́yìn ọrùn. Ó wo ilẹ̀, ó rí ìka ọwọ́ ara rẹ̀ tó ń rìn lórí aṣọ rẹ̀, tó ń ya ìlà, tó ń dì. Kì í ṣe òun ló ní kó rìn. Ọ̀rọ̀ sì jáde lẹ́nu rẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ọ̀rọ̀ tí kò gbọ́ rí láyé rẹ̀:

"Sìfáwù, ẹ̀pà wà lọ́wọ́ mi. Wá jókòó, kí n dì í fún ọ. Kò ní dùn ọ́ mọ́. Mo rí ọ lójú fèrèsé. Ìwọ ni mo ti ń dúró dè."

Obìnrin náà kígbe kan ṣoṣo, ó sì ṣubú lé ejìká ọmọ náà.

Ariwo àwọn ọmọ tún dé láti ìta. Ìka Fèyísọ́lá dúró. Ó mí kanlẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú odò.

"Nígbà tí mo wà ní kékeré," obìnrin náà wí nígbà tó lè sọ̀rọ̀, "mi kì í jẹ́ kí wọ́n dirun fún mi, torí ó máa ń dùn mí. Ìyá mi á fi hóró ẹ̀pà kan pamọ́ sínú àtẹ́lẹwọ́, wọ́n á pè mí, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́: Sìfáwù, ẹ̀pà wà lọ́wọ́ mi. Láti nǹkan bí àádọ́ta ọdún! Mi ò sọ ọ́ fún ọkọ mi, mi ò sọ ọ́ fún Nasrullah. Alhamudulilahi. Alhamudulilahi. Wọ́n rí mi. Ìyá mi rí mi."

Ó tún bú sẹ́kún, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú ẹkún tó bá wá mọ́. Ó ṣàdúà fún Fèyísọ́lá, ó ṣe fún ìyá àti bàbá rẹ̀, ó ṣe fún olùkọ́ àti gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni pé ó mọ̀ wọ́n. Ọ̀gbẹ́ni Adéyẹmí ń ṣe àmín. Físíìsì ló ń kọ́ àwọn ọmọ, kì í sì í gba irú ọ̀rọ̀ báyìí gbọ́. Ó ṣí ìwé tó fi ń kọ orúkọ àwọn tó bá wá síṣẹ́ lọ́jọ́ Sátidé, ó wo àmì tí òun fúnra rẹ̀ fi síwájú orúkọ Fèyísọ́lá pé kò wá. Ó rọra pa ìwé náà dé, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó sì ń nù ún, ń nù ún.

Nígbà tí obìnrin náà fẹ́ máa lọ, Fèyísọ́lá sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Ó bi í léèrè, ohùn rẹ̀ kò ju èémí lọ:

"Mà, nígbà tí ẹ wọlé lọ́jọ́ yẹn, kí ni mo sọ fún yín kí n tó lọ?"

"Ṣé o ti gbàgbé ni? O pa ojú ìyá mi dé. O kí mi kú ará fẹ́ra kù. Mo bẹ̀ ọ́ pé kó o dúró, o ní o ò lè dúró, pé ẹnì kan kù tó o fẹ́ yà wò lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi, ọmọbìnrin kan tí ara rẹ̀ gbóná. Aago mẹ́ta ọ̀sán ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lù."

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi ni ilé àwọn Fèyísọ́lá wà.

Ó wá rántí ọwọ́ tútù kan tó bà lé e níwájú orí lọ́sàn-án ọjọ́ náà, nígbà tó ń sùn tí kò sùn, àti bí ibà náà ṣe ká kúrò lára rẹ̀ bí ìgbà tí a bá ká ẹní. Ó rántí pé òun ti sọ láìlajú pé, "Ẹ ṣé, Mọ́mì." Mọ́mì kò tí ì dé nígbà náà. Aago mẹ́fà kọjá ni wọ́n tó ti Sekona dé, tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ wọn ṣí ìlẹ̀kùn tí wọ́n ti tì mọ́ ọn láti àárọ̀.

Fèyísọ́lá dúró lẹ́nu ọ̀nà títí obìnrin náà fi kọjá géètì, ó ń dúpẹ́ nínú ọkàn rẹ̀, kò sì mọ orúkọ tó yẹ kó fi pe ẹni tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó padà wọ inú ọ́fíìsì, níbi tí Ọ̀gbẹ́ni Adéyẹmí ṣì ń nu awò ojú.

"Sà," ó ní, "nínú àwọn arúgbó tó wà nínú ìwé yín, ta ló kù tí kò ní ẹni tó ń lọ wò ó?"